Kí ló dé tí 22 nìkan fi jáde? Lórí dída linked list méjì tí a ti tò pọ̀

Òǹkàwé kan béèrè pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ Python, wọ́n sì ní ká kọ fọ́ńṣọ̀n tí yóò da linked list méjì tí a ti tò pọ̀ di ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ ni 3, 8, 15, 22. Ti ìkejì ni 5, 8, 19. Èyí tí mo kọ ń tẹ 22 nìkan jáde, bẹ́ẹ̀ ni kò fi àṣìṣe kankan hàn. Mo wá lo ti ọ̀rẹ́ mi. Ìyẹn mú èsì tó pé wá, àmọ́ nígbà tí mo tún tẹ list àkọ́kọ́ jáde, nọ́mbà méje ni mo bá nínú rẹ̀ dípò mẹ́rin, ìkejì sì di mẹ́fà. Ẹlòmíràn ní kí n lo recursion, ìyẹn fọ́ńṣọ̀n tó ń pe ara rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ fún nọ́mbà méje, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ẹgbẹ̀rún méjì-méjì dán an wò, ó kú. Ṣé kí n kúkú kó gbogbo rẹ̀ sínú list Python lásán, kí n pe sorted kó bá mi tò ó, kí n lọ sùn?"

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ohun mẹ́rin lẹ kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n méjì àkọ́kọ́, ìyẹn 22 tó dá jáde àti list tó yí padà lẹ́yìn yín, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Inú èrò kan tí kò tọ̀nà nípa ohun tí linked list jẹ́ ni àwọn méjèèjì ti wá. Ọ̀rọ̀ recursion yàtọ̀ díẹ̀, ti sorted sì jẹ́ ìbéèrè gidi tó yẹ ká dáhùn láìṣojúsàájú, nítorí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Nínú Python lásán, `[3, 8, 15, 22]` jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè gbá mú lẹ́ẹ̀kan náà. Linked list kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun kankan níbì kan nínú mẹ́mọ́rì tó ń jẹ́ "list àkọ́kọ́". Nóòdù mẹ́rin ló wà, ohun méjì péré ló sì wà lọ́wọ́ nóòdù kọ̀ọ̀kan: iye tirẹ̀, èyí tí ẹ pè ní `val`, àti atọ́ka sí ẹni tó kàn, èyí tí ẹ pè ní `next`. Ẹ fojú inú wo àlejò tó ń wá ọ̀nà ládùúgbò tí kò mọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ, ìyá ẹlẹ́kọ ní kó lọ bá bàbá télọ̀. Bàbá télọ̀ ní kó lọ bá alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ ní ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀nà parí sí. Kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ọ̀nà nínú wọn, ẹni kan ṣoṣo tó kàn ni kálukú mọ̀. Orúkọ tí ẹ ń pè ní `a` nínú kóòdù yín (`b` ni ti list kejì) kì í ṣe àdúgbò náà. Ìka kan tí ẹ nà sí ìyá ẹlẹ́kọ ni. Bí ẹ bá wá fẹ́ da àdúgbò méjì pọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní kó kúrò nílé rẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n ń fún àlejò ló máa yí padà. Bàbá télọ̀ tó ń sọ tẹ́lẹ̀ pé "lọ bá alágbẹ̀dẹ" yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "lọ bá onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì". Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kò fi gba mẹ́mọ́rì kún mẹ́mọ́rì: kí list méjèèjì gùn tó mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan, nóòdù kan àti atọ́ka mẹ́ta péré ni fọ́ńṣọ̀n náà nílò lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 22 yín. Nínú kóòdù tí ẹ fi ránṣẹ́, nóòdù kan wà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìka tó wà lórí rẹ̀ lẹ pè ní `iru`. Nínú lúùpù, bí `a.val` bá kéré sí `b.val`, ẹ kọ `iru.next = a`, ẹ sì sún `a` síwájú pẹ̀lú `a = a.next`; bí kò bá kéré, ẹ ṣe bákan náà fún `b`. Kì í ṣe bí ẹ ṣe ń fi wọ́n wéra ló fa 22 yìí, kì í sì í ṣe bí ẹ ṣe ń sún `a` àti `b`. Àmọ́ `iru` fúnra rẹ̀ kò kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ mú ìwé àti bírò. 3 kéré sí 5, nítorí náà nóòdù ìbẹ̀rẹ̀ tọ́ka sí 3. 8 kò kéré sí 5, nóòdù ìbẹ̀rẹ̀ kan náà wá tọ́ka sí 5, ó sì gbàgbé 3. Lẹ́yìn ìyẹn ó tọ́ka sí 8 ti `b`, ó tún tọ́ka sí 8 ti `a`, ó bọ́ sórí 15, ó bọ́ sórí 19, `b` sì tán. Ìlà tó kẹ́yìn nínú fọ́ńṣọ̀n yín wá so ohun tó ṣẹ́ kù mọ́ `iru.next`, ohun tó ṣẹ́ kù ọ̀hún sì ni 22. Ìgbà mẹ́fà lẹ mú nóòdù tó tọ́, ìgbà mẹ́fà lẹ sì fi òmíràn lé e kúrò lójú kan náà. Python kò fọhùn nítorí pé kò sí òfin rẹ̀ kankan tí ẹ rú.

Ìlà kan ni oògùn rẹ̀: `iru = iru.next`. Ìparí lúùpù ni kó wà, níta `if` àti `else`, kó lè ṣẹlẹ̀ yálà `a` ló wọlé tàbí `b`. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Bí ẹ bá kì í sínú apá `if` nìkan, tí ẹ sì gbàgbé apá `else`, èsì yín yóò jẹ́ 3, 8, 15, 22. Ẹ wò ó dáadáa: list àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, bí ẹni pé fọ́ńṣọ̀n náà kò tilẹ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi gbà pé irú èyí léwu ju 22 lọ, nítorí 22 ń pariwo pé nǹkan ti bàjẹ́, àmọ́ èyí jọ èsì gidi.

Fọ́ńṣọ̀n náà lódindi kò ju ìlà mẹ́tàlá lọ. Ẹ kọ́kọ́ dá nóòdù kan tí kì í ṣe ti list kankan, `adele = Node(0)`. Adelé ni mo pè é, nítorí iṣẹ́ adelé gan-an ló ń ṣe: ó di àyè mú kí a tó mọ ẹni tí oyè kàn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ fi orí list méjèèjì wéra lọ́tọ̀, kí ẹ yan ẹni tó máa ṣíwájú, kí ẹ tún wo bóyá ọ̀kan ṣófo, kí ẹ tó lè wọ lúùpù rárá. Inú àwọn ìlà àfikún wọ̀nyẹn ni àṣìṣe sì ti máa ń yọjú. Lẹ́yìn adelé, ẹ kọ `iru = adele`. Lúùpù yín yóò jẹ́ `while a and b`, yóò sì ṣe ohun tí mo ti ṣàlàyé: fi wéra, so mọ́ `iru.next`, sún ẹni tí a mú, sún `iru`. Bí lúùpù bá parí, ọ̀kan nínú méjèèjì ti tán, ẹ wá kọ `iru.next = a if a else b`. Ìlà yìí kò nílò lúùpù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ `while a` àti `while b` síbẹ̀, tí wọ́n á máa so ìyókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò burú, ṣùgbọ́n òfò iṣẹ́ ni, torí pé ìyókù ti so mọ́ra wọn tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti di ẹni àkọ́kọ́ mú, gbogbo ìrù rẹ̀ ló tẹ̀lé e, títí dé `None`, àmì pé kò sẹ́ni tó kàn mọ́, tó wà ní òpin. Ẹ wá dá `adele.next` padà. Ẹni tó bá dá `adele` fúnra rẹ̀ padà yóò rí 0 kan tí kò mọ̀ rí níwájú èsì: 0, 3, 5, 8 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba ti dé, adelé ò gbọdọ̀ wà lórí ìtẹ́ mọ́.

Nóòdù méje lẹ ní, ìgbà mẹ́fà lẹ sì fi iye wéra. Kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ láéláé: àpapọ̀ nóòdù dín ọ̀kan ni òkè téńté rẹ̀. Ó sì lè kéré sí i gan-an. Bí list àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 2, 3, tí ìkejì sì bẹ̀rẹ̀ láti 10 tó gùn tó ẹgbẹ̀rún kan, ìfiwéra mẹ́ta péré ni, ẹgbẹ̀rún tó kù á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Àṣìṣe méjì míì wà tí ẹ máa bá pàdé lójú ọ̀nà yìí bí ẹ kò bá tíì bá a. Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn kọ `while a or b`. Bí `b` bá tán, tí `a` ṣì kù, lúùpù á tún wọlé, á lọ wo `b.val`, `b` sì ti di `None`. Python á ní `AttributeError: 'NoneType' object has no attribute 'val'`. Ní èdè C, kò ní ṣàlàyé tó bẹ́ẹ̀, ètò náà á kàn ṣubú ni. Tony Hoare, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó gbé èrò atọ́ka tí kò tọ́ka síbì kankan yìí wọ inú èdè ALGOL W ní 1965, ló pè é ní àṣìṣe bílíọ̀nù dọ́là tòun fúnra rẹ̀ ní 2009, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ló ń bá a jìjàkadì. Èkejì ni ti ẹni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó jù: ó so nóòdù náà mọ́ èsì, ó ní kí òun gé ìrù rẹ̀ kó má baà fa ti àtijọ́ lọ́wọ́, ó wá kọ `iru = a`, ó kọ `iru.next = None`, lẹ́yìn náà ló tó kọ `a = a.next`. Nóòdù kan náà ni `iru` àti `a` ń tọ́ka sí nígbà yẹn. Bó ṣe gé `iru.next`, `a.next` náà ló gé, `a` sì di `None` lójijì. Gbogbo ìyókù list àkọ́kọ́ ti wọ igbó. Kí ẹ tó yí ìdáhùn ìyá ẹlẹ́kọ padà, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ilé bàbá télọ̀. Gígé yẹn kò sì pọn dandan rárá, nítorí pé ìgbà tí nóòdù mìíràn bá tẹ̀lé e ni `next` rẹ̀ yóò yí padà fúnra rẹ̀.

Ó wá kan kóòdù ọ̀rẹ́ yín. Kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́yìn ìdàpọ̀, orúkọ tí ẹ fi pe list àkọ́kọ́ ṣì ń nawọ́ sí nóòdù 3 bí ó ti ń ṣe látàárọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3, ẹ béèrè ẹni tó kàn, ó ní 5, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà. 5 ní 8, 8 ní 8 kejì, ó di 15, 19, 22. Nọ́mbà méje nìyẹn. Orúkọ list kejì ń nawọ́ sí 5, láti 5 dé òpin sì jẹ́ mẹ́fà. Ohun tí ẹ rí yìí ni ẹ̀rí pé fọ́ńṣọ̀n náà ṣiṣẹ́ láìda ohunkóhun kọ. Ní C++, `std::list::merge` ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gẹ́lẹ́, òfin rẹ̀ sì sọ ọ́ ní gbangba pé list kejì yóò ṣófo lẹ́yìn ìdàpọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun kò gbọ́. Ní Python tiyín, kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ̀yin ni kí ẹ ka àwọn orúkọ méjèèjì sí òkú lẹ́yìn tí ẹ bá ti pe fọ́ńṣọ̀n náà.

Bí ẹ bá nílò list àtijọ́ lẹ́yìn ìdàpọ̀, ẹ ní láti dá nóòdù tuntun: dípò `iru.next = a`, ẹ kọ `iru.next = Node(a.val)`. Owó rẹ̀ ni mẹ́mọ́rì fún nóòdù méje tuntun, tàbí mílíọ̀nù méjì bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ níbí ni ìlà ìkẹyìn. Ẹ ti da gbogbo nóòdù inú lúùpù kọ, ẹ wá so ìyókù mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà, láìda a kọ. Èsì tó tẹ̀ jáde á pé pérépéré. Àmọ́ nóòdù 22 ti di ti list méjì nígbà kan náà, bí ẹ bá wá yí i padà sí 25 nínú èsì, yóò yí padà nínú list àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá máa dà kọ, ẹ dà á kọ dópin. Ibí yìí ni lúùpù `while a` àti `while b` tí mo pè ní òfò iṣẹ́ lókè ti wá ní iṣẹ́ gidi.

Nóòdù tó jẹ́ ti list méjì yìí ló ń bí lúùpù tí kì í parí. Ẹ fi list kan náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ pe `da_po(x, x)` (`da_po` ni orúkọ fọ́ńṣọ̀n ìdàpọ̀ wa), kí ẹ sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú 1, 3, 5. `a` àti `b` jọ wà lórí 1. A mú 1 ti `a`, `a` sún sí 3, `iru` dúró sórí 1. Ní báyìí `a` jẹ́ 3, `b` ṣì jẹ́ 1. 1 ló kéré, nítorí náà `iru.next = b`. Ṣùgbọ́n orí 1 yẹn náà ni `iru` wà. 1 ti ń tọ́ka sí ara rẹ̀. A ní kí `b` sún síwájú, ó sún padà sórí 1, `iru` náà sún padà sórí 1, yóò sì máa yí níbẹ̀ títí iná á fi lọ. Bákan náà ni fún list méjì tí orí wọn yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí ìrù wọn pàdé níbì kan. Fọ́ńṣọ̀n yìí gbà gẹ́gẹ́ bí òótọ́ pé nóòdù kọ̀ọ̀kan ní olówó kan ṣoṣo, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kékeré kan tún wà nínú kóòdù yín tí ẹ kò mẹ́nu bà. `<` lẹ kọ níbi tó yẹ kó jẹ́ `<=`. 8 wà nínú list méjèèjì. Pẹ̀lú `<`, 8 ti ìkejì ló kọ́kọ́ wọlé, nítorí ìdọ́gba ń já sí apá `else`. Fún nọ́mbà lásán, kò sẹ́ni tó máa mọ ìyàtọ̀. Àmọ́ bí nóòdù bá gbé orúkọ àti máàkì akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, tí Àjàní ti kíláàsì A àti Bísí ti kíláàsì B jọ gba 8, tí iléèwé sì ní kíláàsì A ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú bí máàkì bá dọ́gba, `<` ti da ètò rú láìpariwo. `<=` á fi àwọn tó dọ́gba sílẹ̀ bí a ṣe bá wọn. Ẹ sọ ọ́ di àṣà.

Ìdàpọ̀ yìí kò ní tò ohunkóhun fún yín. Ó gbà pé ẹ ti tò ó, àti pé òfin kan náà lẹ fi tò ó nínú list méjèèjì. Bí ọ̀kan bá lọ láti kékeré sí ńlá tí ìkejì sì lọ láti ńlá sí kékeré, èsì á jáde, nóòdù á pé, ètò rẹ̀ á sì jẹ́ rúdurùdu. Nọ́mbà tí a kà láti inú fáìlì tí a kò yí kúrò ní ọ̀rọ̀ lásán jẹ́ ẹ̀tàn míì: `"10" < "9"` jẹ́ òótọ́ lójú Python, nítorí lẹ́tà àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ wò. Ibi tó ti ń dun àwa tí a ń kọ Yorùbá jù ni orúkọ. Nọ́mbà tí Unicode fún lẹ́tà ni Python fi ń wé ọ̀rọ̀, ẹ, ọ àti ṣ sì wà lẹ́yìn z níbẹ̀. Àdùkẹ́ tí a fi À tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo kọ yóò wá lẹ́yìn Zainab. Àdùkẹ́ tí kíbọ́ọ̀dù mìíràn kọ gẹ́gẹ́ bí A tó ní àmì ohùn lẹ́yìn rẹ̀ yóò wá ṣáájú Zainab. Lójú ènìyàn, orúkọ kan náà ni. Bí list méjì bá wá láti inú kíbọ́ọ̀dù méjì báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tò dáadáa nínú ara rẹ̀, ìdàpọ̀ wọn á sì wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi `unicodedata.normalize('NFC', oruko)` sọ gbogbo wọn di ọ̀nà ìkọ̀wé kan. Bí ẹ bá sì fẹ́ ètò ábídí wa gidi, tí ẹ ń tẹ̀lé e, tí gb ń tẹ̀lé g, tí "gún" ń ṣíwájú "gbà", ẹ kọ fọ́ńṣọ̀n kan tí ń sọ lẹ́tà 25 náà di nọ́mbà ipò wọn, kí ẹ fi òun kan náà tò ó, kí ẹ sì fi òun kan náà wé e nínú ìdàpọ̀.

Recursion rẹwà lójú. Bí `a` bá ṣófo, dá `b` padà. Bí `b` bá ṣófo, dá `a` padà. Bí `a` bá kéré, `a.next = da_po(a.next, b)`, kí o dá `a` padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìtumọ̀ ìdàpọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ lóye rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ìpè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró de ti abẹ́ rẹ̀ kó tó lè fi èsì sínú `next`. Fún nọ́mbà méje, mẹ́fà tàbí méje ló máa tò léra. Python kò gbà kí ìpè tò léra ju 1000 lọ bí a kò bá yí i padà, nítorí náà ẹgbẹ̀rún méjì pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjì kò lè là á já. `RecursionError` lohun tí ẹ rí yẹn. Àwọn kan á ní kí ẹ fi `sys.setrecursionlimit` gbé òpin náà sókè. Ẹ lè ṣe é, àmọ́ ẹ kàn sún ọjọ́ ikú síwájú ni, ẹ sì ń fi mẹ́mọ́rì tí linked list ní òun kò nílò ṣòfò. Ohun tó tilẹ̀ burú jù níbẹ̀ ni pé iye tó wà nínú list ló ń pinnu bó ṣe máa jìn tó. Nọ́mbà márùn-ún tó kéré jù lọ pẹ̀lú mílíọ̀nù kan tó tóbi jù wọ́n lọ kò ní kọjá ìpè mẹ́fà; ẹgbẹ̀rún kan pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n wọ inú ara wọn bí eyín àyùn á pa á. Ó lè yege lónìí, kó kú lọ́la, ìlà kan kò sì yí padà nínú kóòdù.

Ó ku ti sorted. Bí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni, tí nǹkan yín sì wà nínú list Python, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pe `sorted(x + y)`, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọgbọ́n títò tí Tim Peters kọ fún Python ní 2002, Timsort, máa ń wá apá tó ti tò tẹ́lẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Yóò rí i pé apá méjì ló wà, yóò sì dà wọ́n pọ̀, pẹ̀lú kóòdù C tó yára ju lúùpù Python èyíkéyìí tí èmi tàbí ẹ̀yin lè kọ. Bí nǹkan náà bá pọ̀ ju mẹ́mọ́rì lọ, bí ìlà inú fáìlì ńláńlá méjì, `heapq.merge` á máa fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìkó gbogbo rẹ̀ jọ. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé linked list kì í yára lórí ẹ̀rọ òde òní bí a ṣe ń kọ́ni pé ó ń yára. Kọ̀ǹpútà kì í ka mẹ́mọ́rì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdì kan ló ń gbé wá, 64 byte lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Nínú array, níbi tí àwọn iye ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú mẹ́mọ́rì, iye tó kàn ti sábà bá ìdì náà wọlé, nínú linked list, nóòdù tó kàn lè wà ní òpin ayé.

Ibi tí ìdàpọ̀ yìí ti ń jẹun ni ibi tí nóòdù kò ti gbọdọ̀ kúrò lójú kan, nítorí ohun mìíràn ń tọ́ka sí i, tàbí tí kò sí àyè fún àdàkọ. Kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò Linux gan-an, ní fọ́ńṣọ̀n `list_sort`, ìdàpọ̀ lórí ìdàpọ̀ ló sì fi ń tò list. Ọgbọ́n náà sì ti pẹ́. John von Neumann ti kọ ètò títò nípa ìdàpọ̀ sílẹ̀ ní 1945 fún ẹ̀rọ EDVAC tí wọn kò tíì kọ́ tán.

Bí olùkọ́ yín bá fún yín ní list mẹ́jọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ dípò méjì, ẹ má ṣe da ìkejì mọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ wá da ìkẹta mọ́ èsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹjọ. Ká ní ẹgbẹ̀rún kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdàpọ̀ àkọ́kọ́ lè kan nóòdù 2,000, ìkejì 3,000, títí dé 8,000, àpapọ̀ 35,000. Bí ẹ bá so wọ́n ní méjì-méjì, mẹ́jọ á di mẹ́rin, mẹ́rin á di méjì, méjì á di ọ̀kan: ipele mẹ́ta, 8,000 ní ìpele kọ̀ọ̀kan, 24,000. Ìyàtọ̀ náà kò tíì pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ní list 64, ọ̀nà àkọ́kọ́ di 2,079,000, ìkejì jẹ́ 384,000. Fọ́ńṣọ̀n kan náà lẹ lò, ètò tí ẹ fi pè é ló yàtọ̀.

Fún ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ fi `iru = iru.next` kún un, ẹ yí `<` sí `<=`, bó bá sì ṣe pàtàkì fún yín láti rí list àtijọ́, ẹ tẹ̀ wọ́n jáde kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dán an wò pẹ̀lú méjèèjì tó ṣófo, ọ̀kan tó ṣófo, nóòdù kan pẹ̀lú nóòdù kan, èyí tí gbogbo `a` kéré sí gbogbo `b` àti òdìkejì rẹ̀, àti èyí tí gbogbo iye dọ́gba. Nínú lúùpù tí ẹ fi ń tẹ èsì jáde, ẹ máa ka nóòdù bó ti ń lọ, kí ẹ sì dá a dúró bó bá ti ju àpapọ̀ méjèèjì lọ. Bí nóòdù kan bá ń tọ́ka sí ara rẹ̀ níbì kan, ìlà kẹjọ ni ẹ máa ti mọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ojú kọ̀ǹpútà bá ti kún fún 1, 1, 1, 1.